Ẹ̀dínwó tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn, inú kí lẹ ti fẹ́ yọ ọ́?

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe l'Abẹ́òkúta níbí, àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú àtàwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní Pánsẹ́kẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń bá wo ìwé owó wọn. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ já owó ọjà wálẹ̀, èló ni kí n já?" Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ kí n dárúkọ ìwé tí wọ́n lè kà lórí ẹ̀. Màá dárúkọ díẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú kakulétọ̀ ná.

Ká ní ₦8,000 ni ọ̀pá àdìrẹ márùn-ún já sí lọ́wọ́ yín, ẹ wá ń tà á ₦10,000. Oníbàárà ní kẹ́ ẹ yọ 10% fún òun, ẹ ní kò burú, ₦1,000 ṣáà ni. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe inú ₦10,000 lẹ ti yọ ₦1,000 yẹn o, inú ₦2,000 tó jẹ́ èrè yín ni, torí alárò ò ní gba owó tó dín lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ̀yin ṣàánú oníbàárà, lánlọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù náà ò ní gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ìdajì èrè ti lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ogún lẹ ń tà lọ́sẹ̀, tẹ́ ẹ ń rí ₦40,000 níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ta ogójì báyìí kẹ́ ẹ tó lè rí ₦40,000 yẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ 15%, ₦500 ló kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rin lẹ máa tà. Tó bá di 20%, ẹ kàn ń báwọn gbẹ́rù ni, iṣẹ́ aláàárù lásán.

Ìṣirò yìí ò ṣòro, ó wà nínú ìwé Thomas Nagle tí wọ́n ń pè ní The Strategy and Tactics of Pricing, ọdún 1987 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ti tún un tẹ̀ léraléra. Ìwé ńlá ni, ó sì wọ́n, ẹ ò nílò ju orí tó sọ̀rọ̀ nípa iye ọjà téèyàn gbọ́dọ̀ tà kun tó bá dín owó.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má dín owó rárá. Aṣọ tí àwòrán ẹ̀ ti kọjá, tó ti wà ní pẹpẹ láti ọdún tó lọ tí eruku ń jẹ ẹ́, ẹ tà á jàre, kódà kẹ́ ẹ tà á ní ₦8,000 tẹ́ ẹ rà á, torí owó tó há síbẹ̀ lẹ fẹ́ gbà jáde kó lè lọ ṣiṣẹ́ míì. Ọjà tó ń yá ni mo ní kẹ́ ẹ má fi tọrẹ.

Fún ọjà tó ń yá, èènì ni mo fẹ́ràn. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá ní gèlè kékeré kan tí wọ́n ń rà ní ₦1,000 lọ́dọ̀ yín àmọ́ tí ẹ̀yin rà ní ₦600, tẹ́ ẹ bá fi ṣe èènì, inú oníbàárà á dùn bí ẹni tó gba ₦1,000, ₦600 ló jáde lọ́wọ́ yín, iye aṣọ sì wà níbi tó wà. Àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá já owó fún, tẹ́ ẹ ta aṣọ fún ní ₦9,000 lónìí, ₦9,000 náà ló máa wá bá yín lọ́la, ó tún máa mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ dání.

Àwọn tó máa ń kọ ₦12,000 tí wọn ò tà rí, tí wọ́n á wá fa ìlà sí i kí wọ́n kọ ₦10,000 sábẹ́ ẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ rọra o. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, ò gba kéèyàn máa ṣi oníbàárà lọ́nà lórí iye ọjà.

Ó ku ti rírà, ibẹ̀ gan-an lowó ti ń sọnù. Ẹni tó ń já tẹ́rù, aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ, fún yín ní ₦500,000 ni tẹ́ ẹ bá máa san án lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, tẹ́ ẹ bá kówó sílẹ̀ lónìí, ₦480,000. Ọ̀pọ̀ á ní 4% péré, wọ́n á gbé e láwìn. Ẹ tún un wò: ₦480,000 ni owó ọjà gangan, èlé ni ₦20,000 tó lé, tẹ́ ẹ bá sì pín ₦20,000 pẹ̀lú ₦480,000, ó lé ní 4% fún oṣù kan ṣoṣo, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ń ṣe lóṣooṣù, 50% lọ́dún nìyẹn. Tí kọpuréétìfù yín bá lè yá yín ní 2% lóṣù, ẹ sáré lọ yá a, ₦9,600 lèlé ẹ̀, ẹ san káàṣì, ₦10,400 ti wọlé.

Ìjọba náà ń ta owó ní ẹ̀dínwó. Treasury bill, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, tí CBN ń bá wọn tà, ti ọjọ́ 91, 182 àti 364, èlé ẹ̀ ni wọ́n ń yọ ṣáájú. Ká ní 18% ni wọ́n kéde fún ti ọjọ́ 364, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gba mílíọ̀nù kan lọ́jọ́ tó bá pé, nǹkan bíi ₦820,500 lẹ máa san. Èrè ₦179,500, àmọ́ ₦820,500 ló kúrò lápò yín, torí náà ó sún mọ́ 22%. Tẹ́ ẹ bá dé báǹkì ní Òkè-Ìléwó, ẹ bi wọ́n, èwo nínú nọ́ńbà méjèèjì ni wọ́n ń sọ.

Áàpù tó ń yáni lówó náà mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀yin ni wọ́n kàn máa ń ṣe é sí. Wọ́n ní ₦100,000 ni wọ́n yá yín, wọ́n yọ ₦10,000 ṣáájú, ₦90,000 ló wọ akáǹtì, lẹ́yìn oṣù kan ₦100,000 ni wọ́n ń bèèrè. 10% kọ́ nìyẹn, ó lé ní 11%, torí ₦90,000 lẹ ná.

Ó ti pẹ́ táwọn olówó ti mọ ìṣirò yìí tí wọ́n sì ń fi pamọ́. Simon Stevin, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ìlú Bruges, ló tẹ táábù èlé, ìyẹn ìwé tó to iye tí èlé máa jẹ́ sílẹ̀, jáde fún gbogbo ayé ní 1582, nígbà táwọn báǹkì ṣì ń tọ́jú irú ẹ̀ bí àṣírí. Irving Fisher, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, wá kọ The Theory of Interest ní 1930, ó ní nǹkan méjì ló ń bí èlé: kánjú tá a ń kán láti náwó, àti àǹfààní tó wà láti fi owó ṣòwò. Ọkùnrin yìí fúnra ẹ̀ ti pàdánù owó rẹpẹtẹ nígbà tí ọjà ṣíà wó ní 1929, àmọ́ ìwé yẹn ṣì dáa, ẹni tó bá ní sùúrù lè kà á.

Lórí kánjú yẹn, David Laibson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé míì, kọ nǹkan kan ní 1997 tó jọ ọ̀rọ̀ wa níbí gan-an. Ó ní èèyàn máa ń fẹ́ fi owó ẹ̀ síbi tí ọwọ́ òun fúnra ẹ̀ ò ti ní tó o, torí ó mọ ara ẹ̀. Ẹ wo alájọ tó ń yíká Kútọ̀: ẹ dá a fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó kó ti ọgbọ̀n ọjọ́ fún yín, ó mú ti ọjọ́ kan. Lórí ìwé, òfò ni. Àmọ́ ká ní ₦16,000 lẹ ń dá lójúmọ́, tí kò bá sí alájọ, aṣọ ẹbí á ti gbé e lọ. Níparí oṣù ₦480,000 á dé ọwọ́ yín, alájọ á ti jẹ ₦16,000, ẹ fi san káàṣì fún oní-tẹ́rù, ₦20,000 tó yẹ kẹ́ ẹ san lé e ò sí mọ́. Èrè ₦4,000. Ti kọpuréétìfù pọ̀ ju ìyẹn lọ, tẹ́ ẹ bá ti lè rí wọn yá.