Ipasẹ̀ Olùwádìí: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Pírófáìlì Sílẹ̀

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wá kí mi nílé ní Aṣẹ́rò, ó sì mú ìwé pélébé kan dání. Ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn olùwádìí tí iṣẹ́ wọn kò tíì pẹ́. Bí mo ṣe rí i pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ àkọlé rẹ̀, inú mi dùn. Ìgbà tí mo kà á ni ayọ̀ náà tán: "Bí A Ṣe Ń Kọ́ Pírófáìlì Ìwádìí." Kọ́! Bí ẹni pé búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni. Ẹlòmíràn tó gbà pé òun gbọ́ èdè ju ẹni tó kọ àkọlé lọ sì ti fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé: "àwòrán ẹ̀gbẹ́-ojú olùwádìí."

Mo mọ ibi tó ti rí i. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó bá a níbẹ̀ pé pírófáìlì ni ojú ènìyàn tí a bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò ó, ló bá dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ ojú olùwádìí? Ṣé ilà rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kà ni?

Ohun tí à ń wí kò le. Ẹni tí kò rí ọ rí fẹ́ mọ irú olùwádìí tí o jẹ́. Kí ni yóò wò? Yóò wo àwọn àpilẹ̀kọ tí o ti tẹ̀ jáde, jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀) tó gbé wọn, àwọn tó tọ́ka sí wọn, àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, àti bóyá ohun kan náà ni ò ń wá láti ọdún dé ọdún. Àpapọ̀ nǹkan wọ̀nyí ni mo ń pè ní ipasẹ̀ olùwádìí, n kò sì ní yí i padà.

Ẹ fojú inú wo ọdẹ tó wọ igbó lápá Alábàtà ní ìdájí. Kò rí ẹranko kankan, ilẹ̀ ló ń wò. Ó rí ojú pátákò, ó mọ̀ pé ẹtu ni. Ó wo etí rẹ̀ bó ṣe gbẹ, ó mọ̀ pé àná ló kọjá. Ó wo bó ṣe rì tó, ó mọ bí ẹran náà ti wúwo tó. Ó wo ibi tó dorí kọ, ó mọ̀ pé odò ló ń lọ. Ẹtu kò sọ nǹkan kan fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbìmọ̀ tó fẹ́ fún ènìyàn lówó ìwádìí ní Jámánì, tàbí èyí tó fẹ́ gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ níbí, ṣe ń wò ó. Ẹni tó kọ̀wé lórí ẹ̀gẹ́ lónìí, tó kọ ti ìdìbò lọ́la, tó kọ ti ibà lọ́tùnla, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdẹ kò ní mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó sì ń tọ́ka sí ara rẹ̀ ṣáá, ojú kan náà ló ń yí po.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "kọ́" fi ń bí mi nínú. Ẹnìkan kì í kọ́ ipasẹ̀. Ó rìn ni, ipasẹ̀ sì kù sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n "kọ́ pírófáìlì" á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á fi fọ́tò síbẹ̀, wọ́n á kọ ìlà méjì nípa ohun tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbarà tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kò gbà fún mi. Oríkì ló ní ká máa pè é: oríkì ìwádìí. Ó dùn létí, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ó ní oríkì ló ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, ibi tó ti ṣẹ̀ wá àti ohun tó gbé ṣe. Mo ní kó dákẹ́ ná. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ láàárọ̀ yìí ti ní oríkì: Àkànní ni, tàbí Àjọkẹ́. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wo ló ní àpilẹ̀kọ? Oríkì orílẹ̀ ńkọ́? Gbogbo agbo ilé ló ni ín, ọ̀lẹ inú ilé náà sì ń pín nínú rẹ̀. Ẹni tó ń kì ọ́ sì ń wo ọwọ́ rẹ: bí náírà bá ti ń já lu iwájú rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á máa dùn sí i. Ó dá mi lóhùn pé oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan, pé ó máa ń bú ènìyàn nígbà mìíràn. Òótọ́ ni, mo gbà á fún un. Ìyẹn nìkan ni mo gbà.

Ó tún ní àwọn ènìyàn kò mọ ipasẹ̀ bí kò ṣe nínú "nípasẹ̀". Ṣé láti ọ̀run ni "nípasẹ̀" ti já bọ́ ni? Ní, ipa, ẹsẹ̀: ọ̀nà tí ẹlòmíràn gbà kọjá. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ fún wa. Ẹni tó tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ, ipasẹ̀ rẹ ló tọ̀. Bí iṣẹ́ rẹ bá sì yí nǹkan padà láyé, a ní ó ní ipa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé ibi tí o gbà kọjá àti ohun tí ìkọjá rẹ ṣe. Kí ni pírófáìlì gbé? Ní Abẹ́òkúta yìí, ìlú tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Yorùbá lọ́dún 1859, tí ìtàn sì ní orúkọ ọdẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè é, Oko Adágbà, ó yẹ kí ojú tì wá láti máa yá pírófáìlì.

Ṣùgbọ́n ipasẹ̀ ẹni lè dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn, èyí sì kan àwa Ẹ̀gbá gan-an. Ṣó ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ká ní Ṣódípọ̀ ni. Jọ́nà kan á kọ Sodipo, òmíràn á kọ Shodipo, ẹ̀kẹta á fi orúkọ baba ṣíwájú. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn mẹ́ta ti dé. Obìnrin tó yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ á kù sílé baba rẹ̀. Nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí kọ̀ọ̀kan, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, ló ń tún èyí ṣe. Àmì 16 ni, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í yí padà bí o tilẹ̀ pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tàbí orúkọ. Bí tìrẹ bá fi X parí, kì í ṣe àṣìṣe. X wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ nọ́ńbà náà wò. Google Scholar, tí a fi ń wá ìwé ìwádìí, ní tirẹ̀ a máa kó iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tẹni. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹlòmíràn tó bá a níbẹ̀.

Ti òṣùwọ̀n h, tó ń wo iye àpilẹ̀kọ ẹni àti bí wọ́n ṣe tọ́ka sí wọn tó, èyí tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Kalifóníà, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2005, kò ṣòro. O ní àpilẹ̀kọ 10. Tí 4 nínú wọn bá ti ní ìtọ́kasí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí o kò tíì ní 5 tó ní ìtọ́kasí 5, 4 ni tìrẹ. Àwọn kan fẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí iye rẹ̀ fi yàtọ̀ láàárín Scopus, Web of Science àti Scholar, àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣírò ìtọ́kasí. Ìwé tí kálukú wọn ń kà mọ́ ìṣirò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ó tó.

Àyẹ̀wò ojúgbà ni mo ń pe kíka tí àwọn onímọ̀ bíi tìrẹ máa ń ka iṣẹ́ rẹ kí jọ́nà tó gbà á. Àwọn kan ń pè é ní àyẹ̀wò ẹlẹ́gbẹ́. Ní Abẹ́òkúta tí mo mọ̀, aṣọ ẹbí ni ẹlẹ́gbẹ́ ń bá ara wọn rà. Bí èsì àyẹ̀wò bá dé, ẹ dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó dùn yín, ẹ má sì fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó burú jù nínú ìwé pélébé náà ni "jọ́nà apẹranjẹ", bí wọ́n ṣe túmọ̀ "predatory journal". Ẹkùn ló ń pẹran jẹ, ẹkùn kì í sì í purọ́. Àwọn tí à ń wí yìí á kọ lẹ́tà sí ọmọ tí kò tíì parí PhD, wọ́n á pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á ní àwọn yóò tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n á wá fi nọ́ńbà àkáǹtì sísàlẹ̀. Àbúrò mi ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta nínú fóònù rẹ̀. A ti ní orúkọ fún wọn tipẹ́tipẹ́: gbájúẹ̀. Jọ́nà gbájúẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ti di àpò rẹ̀ mú kó tó béèrè ìtumọ̀. Kì í ṣe gbogbo jọ́nà tó ń gbowó ni gbájúẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ àwọn gidi tó jẹ́ kí gbogbo ayé kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ ń gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹ wá orúkọ jọ́nà náà nínú DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ wò ó nínú AJOL, ìkànnì jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, tó ti ń kó wọn jọ láti 1998. Ẹ tún wò ó bóyá àpilẹ̀kọ inú rẹ̀ ní nọ́ńbà DOI, èyí tí a fi ń dá àpilẹ̀kọ mọ̀ níbikíbi tó bá wà, nítorí ìkànnì lè kú tàbí kó ṣí kúrò níbi tó wà, òjò á sì ti fọ ipasẹ̀ yín lọ. Ṣùgbọ́n DOI nìkan kò tó ẹ̀rí. Gbájúẹ̀ náà ń rà á.

Orí fóònù mi ni àbúrò mi ti ṣí ORCID tirẹ̀, kó tó jẹ láfún tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó kọ orúkọ wa pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, ó sì to àwọn ọ̀nà mìíràn tí àwọn jọ́nà ti kọ ọ́ síbi orúkọ mìíràn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ara mi níbí. Kí ni kí n kọ?"

Mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná, kó fọwọ́, kó jẹun.