Bí Tákàdá Ṣe Di Àpò Ẹ̀tù: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Kátíríìjì Oníwèé

Lọ́jọ́ ọdún Iléyá ní Kano, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń yan kọjá lọ sí ààfin, àwọn oníbọn ìbílẹ̀ a máa wà láàárín wọn, wọn a sì máa yìnbọn sókè. Àwa Yorùbá Sábó Gàrí kì í gbẹ́yìn níbi ìran náà. Lọ́dún kan, mo dúró ti ọ̀kan nínú wọn bó ti ń ki ìbọn rẹ̀. Ó da ẹ̀tù láti inú ìwo sí àtẹ́lẹwọ́, ó fojú díwọ̀n rẹ̀, ó rọ ọ́ sẹ́nu ìbọn, lẹ́yìn náà ló fa ojú ewé kan ya nínú ìwé ọmọ iléèwé, ó rún un, ó sì fi ọ̀pá tì í wọlé kí ẹ̀tù má baà dà padà. Ẹ̀tù lọ́tọ̀, bébà lọ́tọ̀. Gbogbo ọgbọ́n kátíríìjì oníwèé kò ju pé kí a ti wọn ẹ̀tù nílé, kí a sì ti dì í pọ̀ mọ́ ọta, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lójú ogun má ṣe tún máa fojú díwọ̀n ohunkóhun.

Ẹ̀tù dúdú kò kúkú gba ìfojúdíwọ̀n. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá rẹ̀, 75 jẹ́ iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní saltpetre, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Bí ẹ̀tù tí a rọ sẹ́nu ìbọn bá kéré, ọta kò ní dé ibi tí a rán an, bó bá sì pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́. Kí bébà tó gbòde ní Yúróòpù, ìgò onígi kéékèèké ni ọmọ ogun máa ń so rọ̀ mọ́ àyà, bí ọdẹ tiwa ṣe ń so àdó mọ́ra, wọ́n sì sábà máa ń tó 12, tí ẹ̀tù ìyìn kan wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn ìgò náà a máa kan ara wọn kó-kó-kó, èyí tí kò dára fún ẹni tó ń yọ́ lọ bá ọ̀tá lóru, bí iná bá sì ta sí ọ̀kan, ó ti ràn mọ́ ìyókù. Àwọn ológun kan ti ń fi bébà di ẹ̀tù láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n Gustavus Adolphus, ọba Sweden tó kú sójú ogun lọ́dún 1632, ni a sábà máa ń kà sí ẹni tó sọ ọ́ di ohun tí odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun ń lò.

Inú carta, ìyẹn bébà ní èdè Ítálì, ni orúkọ kátíríìjì ti wá, tó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. (Tákàdá tí àwọn àgbà wa ń pe bébà, ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú takarda tí àwọn Hausa ń pè é títí dòní.) Wọ́n á wé bébà mọ́ igi róbótó kan, wọ́n á so orí rẹ̀ mọ́ ọta òjé, wọ́n á da ẹ̀tù tí wọ́n ti wọ̀n sí i, wọ́n á sì lọ́ ìdí rẹ̀. Ọmọ ogun á fi eyín fa ìdí yẹn ya, á ta díẹ̀ sínú àwo kékeré tí iná òkúta ìbọn ń ta sí, á da ìyókù sẹ́nu ìbọn, á sì ki ọta àti bébà tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ní eyín iwájú, kò ráyè wọ iṣẹ́ ológun.

Obìnrin àti ọmọdé ló ń wé e ní ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ́ ohun ìjà, nítorí pé ìka wọn yá, owó tí wọ́n ń san fún wọn sì kéré. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ilé ìṣẹ́ Allegheny lẹ́bàá Pittsburgh bú gbàù. Ènìyàn 78 ló kú, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin.

Wàhálà tó tóbi ju ìyẹn lọ ti ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ráìfù Enfield ti 1853 dé, èyí tó ń lo ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí Minié ará Faransé gbé jáde lọ́dún 1849, wọ́n sì ń fi ọ̀rá pa kátíríìjì rẹ̀ kó lè yọ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà rànyìn pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Hindu kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń gbé Kano kò sì nílò àlàyé nípa èkejì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1857, ní Meerut, 85 nínú ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin 90, ọmọ Íńdíà tó ń jagun fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ láti gba kátíríìjì tí wọ́n nà sí wọn, bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ ni wọ́n nà sí wọn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ti tuntun olọ́ràá. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀tẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kì í ṣe ọ̀tẹ̀ ló pa kátíríìjì oníwèé. Ìbọn Dreyse tí ìjọba Prussia, ní ilẹ̀ Jámánì, gbà wọlé lọ́dún 1841 ti ń fi abẹ́rẹ́ gún bébà láti ẹ̀yìn, láìsí pé a ń ki ohunkóhun láti ẹnu ìbọn, ṣùgbọ́n èéfín gbígbóná máa ń yọ padà sójú ẹni tó ń yìn ín, nítorí bébà kò lè dí ihò náà. Idẹ lè dí i, torí pé ó máa ń fẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù bá bú, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Láti 1866 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tún Enfield ṣe sí ìbọn Snider, èyí tó ń lo ọta inú idẹ. Irú Snider yìí wà lára ohun tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó nígbà ogun Kírìjì. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Lugard sì wọ Kano lóṣù kejì ọdún 1903, kò sí ẹni tó fi eyín fa bébà ya láàárín wọn.

Àwọn tó fẹ́ràn ìbọn àtijọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣì ń fọwọ́ wé e fún ìdíje. Ní ti àwa níhìn-ín, bébà líle tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà láti fi ya àwòrán ló kù tó ń jẹ́ orúkọ náà, kátíríìjì pépà, torí pé irú bébà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń di ẹ̀tù nígbà kan rí.