Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni?

Ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2025 ni wọ́n yìnbọn pa Charlie Kirk, ọ̀kan lára àwọn tó ń polongo fún Trump, ní ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ nípa ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń ba àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba l'Adó-Èkìtì lẹ́rù.

Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Tíṣà àti nọ́ọ̀sì wà nínú wọn.

Ṣebí òfin Amẹ́ríkà ní kí kálukú sọ tinú ẹ̀?

Ìjọba ni òfin yẹn dè lọ́wọ́, kò de ọ̀gá aládàáni. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lè ní kéèyàn máa lọ láìsọ ìdí kankan, tí kò bá ti jẹ́ nítorí àwọ̀, ẹ̀sìn àti irú wọn tí òfin dìídì kà léèwọ̀. California ò gbà bẹ́ẹ̀ tó bá di ti òṣèlú.

Tíṣà ìjọba tún yàtọ̀, torí ìjọba gan-an lọ̀gá ẹ̀. Ní 1968, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá Marvin Pickering láre, tíṣà kan ní Illinois tí wọ́n lé torí lẹ́tà tó kọ sí ìwé ìròyìn nípa bí wọ́n ṣe ń náwó ilé ìwé. Síbẹ̀, kóòtù máa ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà da iṣẹ́ rú.

Èkìtì ńkọ́?

Abala 39 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún wa lẹ́nu ọ̀rọ̀. Abala 42 ní kíjọba má fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà torí èrò òṣèlú rẹ̀. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dájọ́ pé INEC, àjọ elétò ìdìbò, ò lè sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba má wọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò gómìnà ni kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò.

Ṣùgbọ́n lílé kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù, tíránsífà ni. Ká sọ pé ẹ gbé fọ́tò olóṣèlú alátakò sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp yín lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé pé Òmùò, tó jìnnà sí Adó, lẹ ó ti máa ṣiṣẹ́, "nítorí ìlọsíwájú iṣẹ́". Ta ni yóò bá ìlọsíwájú ṣẹjọ́?

Iléèwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ni o.

Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín. Kóòtù kì í sábà fipá mú aládàáni gba èèyàn padà. Owó tó bá tọ́ sí yín ló máa ń ní kí wọ́n san.

Ṣé kí n pa WhatsApp mi rẹ́ ni?

Rárá o. Ẹ yọ orúkọ ibi iṣẹ́ kúrò lórí Facebook yín, kẹ́ ẹ sì yé fọkàn tán gúrúùpù "àwa-ara-wa". Ibẹ̀ gan-an ni sìkíríǹṣọ́ọ̀tì ti ń jáde.

Kúẹ́rì ti dé ọwọ́ mi ńkọ́?

Ẹ fèsì kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Ẹ ṣe fọtokópì, kí ẹni tó gba èsì náà buwọ́ lu tiyín. Tẹ́ ẹ bá wà nínú NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, ẹ sọ fún wọn kí lẹ́tà kejì tó dé.