Prótéènì tí wọ́n ti pò mọ́ omi, ṣé ó ti bàjẹ́ àbí kò tíì bàjẹ́?

Àwọn tó ń lọ jíìmù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: èèyàn po pááwúdà prótéènì mọ́ omi nínú ṣékà, ìyẹn ike ọlọ́mọrí tí wọ́n fi ń mì í pọ̀, láàárọ̀, iṣẹ́ dé, kò ráyè mu ún, nígbà tó máa fi rántí ọ̀sán ti pọ́n. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 30 prótéènì inú ẹ̀ ti kú, kò lè ṣe ara lóore mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi lásán kìí pa prótéènì, ohun tó ń bà á jẹ́ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ nínú omi yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti ike pááwúdà bẹ̀rẹ̀. Whey tó wọ́pọ̀ lọ́jà, omi tó máa ń ro kúrò lára mílíìkì tó ti dì ni, irú omi tó ń jáde lára wàrà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ ẹ́ títí omi inú ẹ̀ á fi ku bíi ìdá 5 nínú 100. Ó gbẹ bíi gàrí tó yan dáadáa, kòkòrò ò lè bí sí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lè wà ńbẹ̀ o, pàápàá Bacillus cereus tó máa ń kó ara ẹ̀ sínú èèpo líle, á sùn síbẹ̀ títí omi á fi dé.

Tí omi bá wá dé, kókó ni wàhálà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ̀ ọ́n: ẹ̀yìn ẹ̀ á tutù, á máa yọ̀, inú ṣì gbẹ táútáú, omi ò ríbi wọlé mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń po èròjà kan tó ń jẹ́ lecithin mọ́ ọn kí omi lè tètè wọ̀ ọ́, ìdí náà nìyẹn tó fi dáa kí omi kọ́kọ́ wà nínú ṣékà kí pááwúdà tó bọ́ sí i. Omi tó gbóná gan-an ò dáa sí i, tó bá ti ń lọ sí nǹkan bíi 70°C whey á bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí ẹyin. Kò ní dùn ún mu, àmọ́ oúnjẹ inú ẹ̀ ò lọ síbì kankan, ṣebí ẹyin sísè náà là ń jẹ. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe sì máa ń sílẹ̀ bí ògì, ìyẹn náà kìí ṣe ìbàjẹ́, kí wọ́n mì í ni.

Ìbàjẹ́ gangan wà lọ́wọ́ ooru àti àkókò. Láàárín 4°C sí 60°C ni kòkòrò ti ń bí dáadáa, àwọn kan lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20 tí ibẹ̀ bá tù wọ́n lára, tó fi jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo á di 8 ní wákàtí kan, á di 4,096 ní wákàtí mẹ́rin. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ pé kó má ju wákàtí 2 lọ níta, tí ooru bá sì ju 32°C lọ, wákàtí 1 péré, mọ́tò tí wọ́n páàkì sóòrùn sì máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa ó lè di ọjọ́ kejì, àmọ́ fíríìjì tí iná ti lọ lára ẹ̀ látàárọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ni. Tó bá jẹ́ mílíìkì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi pò ó, ṣúgà ti wà ńbẹ̀ fún àwọn kòkòrò láti jẹ, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Ẹ wo abẹ́ ọmọrí ṣékà náà, róbà roboto kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kìí yọ fọ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́kù ń sá pamọ́ sí, kòkòrò á máa tú prótéènì ẹ̀ palẹ̀, imí-ọjọ́ (sulfur) inú ẹ̀ á jáde, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ yẹn dé nìyẹn. Téèyàn bá po tuntun sínú irú ṣékà bẹ́ẹ̀, kòkòrò ti ń dúró dè é kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí.

Ó ku ọ̀kan tí omi ń bà jẹ́ lóòótọ́, kríátíìnì, èròjà fún agbára iṣan tí àwọn kan máa ń pò pọ̀ mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń yí padà di creatinine tí kò wúlò fún iṣan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ nìyẹn, kìí ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú. Fún ẹni tó ń jáde nílé láàárọ̀ tó sì fẹ́ mu tiẹ̀ nírọ̀lẹ́, pááwúdà gbígbẹ nínú ṣékà gbígbẹ, omi nínú ọ̀rá tàbí ike tiẹ̀ lọ́tọ̀, ibi tó bá ti fẹ́ mu ún ni kó ti pò ó.