Ìyá Ẹlẹ́ja, Iyọ̀, àti Nọ́ńbà Tí Wọ́n Fi Pamọ́

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ìyá kan tó ń ta ẹja tútù wọ yàrá X-ray mi, ìwé dókítà lọ́wọ́ wọn. Ikọ́ ti ń dà wọ́n láàmú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n bá wọn ya àwòrán àyà. Mo ní kí wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, wọn ò bọ́ ọ.

"Ọmọ mi, má bínú, mi ò ya nǹkan kan. Àbúrò ẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Omi olóró tí àwọn ará Japan ń dà sókun ti wọnú ẹja. Mo ti ń fọwọ́ kan ẹja láti àárọ̀ ọjọ́. Èyí tó wà lára mi ti tó mi."

Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣì ń ta ẹja náà. Wọ́n wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

"Kí n má tà á kẹ̀? Ṣé ìwọ lo máa bá mi san owó ṣọ́ọ̀bù?"

Ó ti lé ní ọdún 19 tí mo ti ń ya àwòrán X-ray, mo sì ti rí oríṣiríṣi. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti jáde ní yàrá mi báyìí, mílíìkì alágolo ni wọ́n máa kọ́kọ́ rà lẹ́nu géètì, wọ́n ní ó ń fọ iná ẹ̀rọ kúrò lẹ́jẹ̀. Àwọn kan ń mu epo pupa. Bàbá kan gbé ìgò àgbo wá hàn mí lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ó ń lé ìtànṣán jáde lára láàárín ọjọ́ méje. Owó tí wọ́n fi rà á, ó ju owó X-ray wọn lọ. Ẹni tó ta á fún wọn ò mọ ohun tí ìtànṣán jẹ́, kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n ó mọ iye ọjọ́ tó fi máa jáde! Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìtànṣán X-ray kì í dúró lára ẹnikẹ́ni. Tí mo bá ti gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì, ó ti parí, bí ìgbà tí èèyàn pa gílóòbù. Kò sí ohun tí mílíìkì fẹ́ fọ̀.

Ti Fukushima, ibùdó iná átọ́míìkì Japan tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí ní 2011, tí omi tí ìyá yẹn ń sọ ti wá, yàtọ̀: eruku ló jáde níbẹ̀. Eruku tí òun fúnra rẹ̀ ń tan ìtànṣán, tó lè bà sórí koríko, kí màlúù jẹ ẹ́, kó wọnú wàrà, kí ọmọdé mu ún. Ibi tí mo ti fẹ́ fara balẹ̀ nìyí, nítorí ọ̀rọ̀ iyọ̀.

Lára ohun tó jáde ni áyódíìnì olóró. Inú ọrùn wa, níbi tí gègè máa ń gbà yọ, ẹ̀yà ara kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn áyódíìnì bí èèrà ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Kò mọ olóró yàtọ̀ sí gidi, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì, pàápàá lára ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí hóró oògùn áyódíìnì fi wà: kẹ́ ẹ fi èyí tó dáa kún un bámúbámú kí èyí tó burú tó dé. Àsìkò ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lò ó ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú, ó ṣe é. Tó bá jẹ́ lọ́jọ́ kejì lẹ́ ẹ rántí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi oògùn ṣòfò. Kì í sì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan: cesium, olóró mìíràn tó jáde pẹ̀lú rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ lo nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni agbára áyódíìnì olóró ń dín sí ìlàjì. Ti cesium 137, ọgbọ̀n ọdún ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tí jàǹbá yẹn ṣẹlẹ̀, iyọ̀ tán lórí àtẹ káàkiri Ṣáínà. Àwọn èèyàn ń rà á ní àpò àpò, nítorí ẹnì kan sọ pé áyódíìnì wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 30 nínú kìlò kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí tó ìwọ̀n oògùn àgbàlagbà níbẹ̀ máa jẹ ju kìlò mẹ́ta iyọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ yẹn á ti pa á kí áyódíìnì tó débẹ̀. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Àwa náà la fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru nígbà Ebola ní 2014, tá a tún mu ún, tí àwọn kan sì bá a lọ.

Síbẹ̀, mi ò lè bú ìyá ẹlẹ́ja. Àwọn tí jàǹbá yẹn ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ wọn ló kọ́ gbogbo ayé láti má gbà wọ́n gbọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2011, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun, iná lọ ní ibùdó Fukushima Daiichi, jẹnẹrétọ̀ gbé e. Kò pé wákàtí kan tí omi òkun fi dé, ó ga tó mítà 14, ó fo ògiri, ó sì wọ ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n kó jẹnẹrétọ̀ sí. Ẹni tó bá ti gbé jẹnẹrétọ̀ sí ojú àgbàrá rí mọ èyí tó kù. Omi tó ń mú ìléru, ibi tí agbára átọ́míìkì ti ń jáde, tutù dúró, ìléru mẹ́ta yọ́. Nígbà tó di 2012, ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin Japan gbé kalẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kiyoshi Kurokawa darí, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé ọwọ́ ọmọ aráyé ló fa jàǹbá náà.

Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ti SPEEDI. Ẹ̀rọ ìṣirò tí ìjọba Japan náwó lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju pé kó sọ ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbé eruku gbà. Àwọn ará ìlú Namie sá lọ sí Tsushima, sí ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n rò pé àwọn ti jìnnà sí ewu. Afẹ́fẹ́ gba ọ̀hún. Wọ́n sá fún ìyà, wọ́n lọ bá a nílé. Àwòrán tí SPEEDI yà wà lọ́wọ́ ìjọba ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọjọ́ 14 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà rí i. Ọjọ́ 23 ni wọ́n tó fi han ará ìlú. Àwíjàre wọn ni pé ìsọfúnni tó wọnú ẹ̀rọ náà ò pé, àti pé kí ìlú má baà dàrú.

Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa àsìkò oògùn. Àṣẹ pé kí wọ́n lo hóró áyódíìnì kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ìlú. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Miharu, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wo ojú afẹ́fẹ́ fúnra wọn, wọ́n rí i pé òjò ń bọ̀, wọ́n sì pín oògùn náà lọ́jọ́ 15 láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ ará ìlú. Wọn ò gbà á. Tí mo bá dé Japan láyé mi, Miharu ni màá kọ́kọ́ lọ kí.

Ní àsìkò yẹn, ìjọba Japan ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́ pé ìtànṣán náà kò ní ewu fún ìlera "lójú ẹsẹ̀". Ìyá wo ló máa gbọ́ "lójú ẹsẹ̀" tí kò ní béèrè ọ̀túnla? Iléeṣẹ́ TEPCO tó ni ibùdó náà kò fẹ́ pe ọ̀rọ̀ náà pé ìléru ti yọ́. Wọ́n ní ó "bàjẹ́" ni, títí di oṣù Karùn-ún. Ó di 2016 kó tó hàn síta pé ọ̀gá àgbà wọn nígbà náà, Masataka Shimizu, ló pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni má lo ọ̀rọ̀ yẹn. Naomi Hirose, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní 2016, ló tẹrí ba tọrọ àforíjì.

Àwa oníṣẹ́ náà ò mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Shunichi Yamashita, ògbóǹtarìgì láti Nagasaki, lọ sọ fún àwọn ará Fukushima pé ìtànṣán kì í ran ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín! Ta ló tún máa bá oníṣègùn jókòó lẹ́yìn ìyẹn? Ní oṣù Kẹrin 2011, ìjọba Japan gbé ìwọ̀n ìtànṣán tó tó millisievert 20 lọ́dún kalẹ̀ fún ọgbà ilé-ìwé. Ẹ má wulẹ̀ há "millisievert" sórí, ohun tẹ́ ẹ máa mọ̀ nìyí: àwòrán àyà kan jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá millisievert kan, 20 lọ́dún sì ni òfin fún mi, èmi àgbàlagbà tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí, tí mò ń wọ épírọ́ọ̀nù òjé, tí wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Toshiso Kosako, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn ìjọba, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́jáde gidi nìyẹn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, gómìnà Fukushima kéde pé kò séwu lára ìrẹsì wọn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí becquerel 630 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ohun tó ń tan ìtànṣán) nínú kìlò ìrẹsì kan ní Onami, nígbà tí òfin gba 500. Láti 2012 títí di 2019, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé gbogbo àpò ìrẹsì ìpínlẹ̀ náà gba orí ẹ̀rọ kọjá, àpò kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ́dún. Ìyẹn ni mo pè ní iṣẹ́.

Omi tí ìyá ẹlẹ́ja ń sọ ńkọ́? Omi tó ti kan ìléru tó yọ́ ni, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì kó sínú àgbá. Oṣù Kẹjọ 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Tritium, irú háídírójìn kan tó ń tan ìtànṣán, tó kù nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá becquerel 1,500 nínú lítà kan kó tó dókun; àjọ ìlera àgbáyé gba 10,000 nínú omi mímu. Kò bà mí lẹ́rù, mo jẹ ẹja lálẹ́ àná. Ṣùgbọ́n ní 2018, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń sọ tipẹ́ pé tritium nìkan ló kù nínú àgbá wọn, TEPCO jẹ́wọ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ṣì ní àwọn olóró mìíràn tó ju òfin lọ, ó di kí wọ́n tún fi asẹ́ sẹ́ omi náà. Ní 2015, wọ́n sì ti ṣèlérí fún àwọn apẹja pé àwọn ò ní dà á nù láìjẹ́ pé ó yé wọn. Tí ẹ bá jẹ́ apẹja, ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ó sún mọ́ mi ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, báàjì kan wà láyà wa, kò tó páálí ìṣáná, tó ń gba ìtànṣán tó bà wá sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kó o lọ kà. Ó tó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí èsì kankan ò fi dé. Ẹnìkejì mi lóyún. Ó lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá ní, "Má yọnu, gbogbo nǹkan wà pẹ́pẹ́." Ó tún lọ, wọ́n tún sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ épírọ́ọ̀nù méjì lórí ara wọn, kìlò bíi mẹ́wàá lórí oyún oṣù márùn-ún, ó ń fara ti ògiri kọ́rídọ̀. Nígbà tó yá, kò sùn lóru mọ́. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń ta àǹkárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìwé èsì dé, nínú àpòòwé tó ti pọ́n. Òǹkà tiẹ̀ ló kéré jù nínú gbogbo wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Mo mú un lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Ó kà á, ó ká a, ó fi sábẹ́ aṣọ, ó bi mí pé ọ̀pá mélòó ni mo fẹ́.

Mo yọ báàjì àyà mi fún ìyá ẹlẹ́ja. Mo ní, "Ẹ wò ó, mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ níbí. Èyí ló ń ka tèmi." Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Eélòó ló kà?"

Mo ní èsì tuntun ò tíì dé.

Wọ́n dá báàjì náà padà sọ́wọ́ mi. Wọ́n gbà láti lọ tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn ò ní iná nínú. Nọ́ńbà fóònù wọn wà lẹ́yìn ìwé dókítà, lórí tábìlì mi. Wọ́n ní tó bá dé, kí n pe àwọn.