Ṣé Aspirin Ló Ń Gbé Ẹ̀jẹ̀ Dé Ilé Ọmọ Abo Ẹṣin?

Tó bá ti di àárín oṣù Kejì ọdún, ara àwọn tó ń sin ẹṣin eré ìje ní Kentucky ní Amẹ́ríkà àti ní Newmarket ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í balẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni wọ́n ń ka ọjọ́ orí gbogbo ẹṣin Thoroughbred, ìran ẹṣin tí wọ́n ń sìn fún eré ìje, tó wà ní ìhà àríwá ayé sí, ìbáà jẹ́ oṣù Karùn-ún ni wọ́n bí i. Èyí tí wọ́n bí pẹ́ á wá máa bá èyí tó ti fi oṣù mẹ́ta jù ú lọ sáré bí ẹgbẹ́. Oyún ẹṣin sì ń gba nǹkan bí oṣù 11. Ẹni tí abo ẹṣin rẹ̀ ti pé ọdún 18, tí oyún sì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, kò ní àkókò tó fẹ́ fi ṣòfò. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn ti máa ń wọlé: "Ẹ máa fún un ní aspirin lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ilé ọmọ rẹ̀ dáadáa."

Ìmọ̀ràn náà kò ṣàdédé wáyé. Àwọn dókítà máa ń fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru lè yọ lẹ́nu ní aspirin díẹ̀. Òótọ́ sì ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ máa ń bàjẹ́ lára abo ẹṣin tó ti dàgbà. Oyún kọ̀ọ̀kan ń fẹ iṣan náà gidigidi, kì í sì í padà sípò tán lẹ́yìn ìbímọ. Ògiri rẹ̀ á nípọn, á le, àpá á gba ibi tó yẹ kó máa nà. Abo tó ti bí lọ́pọ̀ ìgbà ló ń rí i jù. Àìsàn tí wọ́n ń sọ wà lóòótọ́. Oògùn tí wọ́n ń dárúkọ fún un ni mo ń bá jà.

Ojú ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ilé ọmọ abo ẹṣin. Ọ̀kan ń ti ọ̀dọ̀ ilé ẹyin wá, ọ̀kan ń ti apá ojú ara. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ya lára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Oògùn tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ kò mọ ilé ọmọ yàtọ̀ sí itan. Yóò la ti awọ, ti ẹran ara, ti ìfun, ti ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì wálẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí mọ bí omi ṣe ń rí ní yàrá òkè. Acepromazine, tí wọ́n fi ń mú ẹṣin tó ń ṣe gìràgìrà rọ̀, ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì máa ń já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní oògùn oyún.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí abo bá ń wá akọ, họ́mónù estrogen ti la iṣan ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Nígbà oyún, iṣan náà á tún fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló kù tí oògùn fẹ́ là? Ní ibi tí àpá ti rọ́pò iṣu ẹran tó ń fún iṣan pọ̀, oògùn kò rí nǹkan kan tú sílẹ̀.

Aspirin fúnra rẹ̀ wá ní ìṣòro tirẹ̀ lára ẹṣin. Ìtọ̀ ẹran tó ń jẹ koríko kì í kan bíi ti ènìyàn, ìyẹn sì ń mú kí oògùn náà tètè bá ìtọ̀ jáde. Àwọn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì náà yàtọ̀: ohun tí aspirin ń dí lọ́wọ́ lára tiwa, ti ẹṣin kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé e, wọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé abo tó ń gbà á ń bí ọmọ láàyè ju èyí tí kò gbà á lọ. Bẹ́ẹ̀ abo ẹṣin àgbà gan-an ni iṣan ńlá ilé ọmọ máa ń bẹ́ lára rẹ̀ nígbà ìbímọ, ó sì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi sún mọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ohun tó lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì.

Ta ló wá ń pe ẹ̀jẹ̀ sí ilé ọmọ? Ọlẹ̀ ni, pẹ̀lú họ́mónù. Títí di nǹkan bí ọjọ́ 16, ọlẹ̀ ẹṣin kì í jókòó sójú kan. Ó ń rìn kiri láti ìwo ilé ọmọ kan sí èkejì. O. J. Ginther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin fi skáànù Doppler, tó ń fi ìṣàn ẹ̀jẹ̀ hàn, tẹ̀ lé e, wọ́n sì rí i pé apá ibi tí ọlẹ̀ bá dúró sí ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí.

Skáànù yìí kan náà ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹṣin kì í fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì bọ ihò ìdí, ni wọ́n bá gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú un rọ̀, detomidine tàbí xylazine. Àwọn méjèèjì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, wọ́n ń fa ọkàn sẹ́yìn, wọ́n sì ń mú kí ilé ọmọ sún kì. Buscopan tí wọ́n fi ń dẹ ìfun ní tirẹ̀ ń mú ọkàn sáré. Iye tí ẹ̀rọ bá kọ lẹ́yìn náà, ti abẹ́rẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó wá wọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́, tó fún abo náà ní aspirin, tó tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí wọn ò gún, á ní òun rí iṣẹ́ ìyanu.

Pentoxifylline, oògùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ mímú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, lè dà bí ẹni tó ta kò mí. Wọ́n ń fi í fún abo tí kòkòrò gba ẹnu ilé ọmọ wọlé dé ibi ọmọ, oògùn kòkòrò àti altrenogest á sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo gbà pé ó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń pa iná ìwúlé tí kòkòrò dá sílẹ̀. Altrenogest náà, họ́mónù tó ń di oyún mú ni; kì í ṣe pé ó ń fa ẹ̀jẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra oògùn kankan, kí dókítà ẹranko gé bíńtín lára awọ inú ilé ọmọ fún àyẹ̀wò. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ Kenney àti Doig gbé kalẹ̀ pín èsì rẹ̀ sí I, tó dára jù, IIA, IIB àti III, tó burú jù. Abo tó wà ní I lè bímọ ní ìgbà 80 sí 90 nínú 100. Èyí tó wà ní III kò pé 10. Nígbà míì, omi tó ń dúró sínú ilé ọmọ lẹ́yìn tí akọ bá gùn ún ni wọ́n á bá, oxytocin sì ni wọ́n fi ń tì í jáde. Fún èyí tó wà ní III, àwọn onípólò Ajẹntínà, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹṣin pólò Èkó ti wá, ń yọ ọlẹ̀ kúrò lára abo àgbà fi sínú ọ̀dọ́. Àwọn tó ń forúkọ Thoroughbred sílẹ̀ kì í gba ọmọ tí wọ́n bí lọ́nà yìí wọlé, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Kentucky fi ṣì ń ra aspirin.