Ibi tí ojúsàájú ti ń wọ inú reality show kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀

Tí ètò reality, ìyẹn ètò tí wọ́n ti ń kó èèyàn síwájú kámẹ́rà kí awòran lè máa dìbò lórí wọn, bá parí lórí tẹlifíṣàn, ariwo tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀: ṣé wọn ò ṣe èrú ìbò báyìí? Gbogbo ojú á wá wà lára ìbò. Èrú ìbò ti wáyé rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ìpinnu tó ń sọ èèyàn kan di gbajúmọ̀, tó sì ń sọ ẹlòmíì di ẹni ìgbàgbé, ti máa ń wáyé kí ẹnikẹ́ni tó tẹ fóònù.

Ibi yíyan àwọn olùkópa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fún àyè tí kò ju méjìlá tàbí ogún lọ. Wọ́n á gba fọ́ọ̀mù, wọ́n á ya fídíò ara wọn ránṣẹ́, wọ́n á jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á sì rí onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ. Ohun tí àwọn tó ń yan èèyàn ń wá ni ìwà tó máa forí gbárí: ẹni tó ń tètè bínú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́, ẹni tí omijé ò jìnnà sí lójú. Oníwà tútù sábà máa ń já bọ́ níbí, àfi tí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò máa bá àwọn tó kù parí ìjà. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ rárá. Òṣìṣẹ́ ètò ló rí wọn lórí Instagram tó sì kọ̀wé sí wọn. Ìwé àdéhùn tí gbogbo wọn ń buwọ́ lù máa ń fún ilé iṣẹ́ láṣẹ láti gé ohùn àti àwòrán wọn, kí wọ́n sì tò ó bó ṣe wù wọ́n.

Gígé yìí gan-an ni agbára wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá nínú ilé kan, tí ojú kálukú là fún wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, ti gbé ìgbé ayé wákàtí 160. Ètò wákàtí kan, tí ẹ bá yọ ìpolówó kúrò, kò ju bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Ohun tí awòran rí kò tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tí wọ́n bá sì pín ìṣẹ́jú 45 yẹn dọ́gba, ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í pín in dọ́gba. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń jẹ ẹ́ tán, àwọn tó kù á wá máa kọjá lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n jókòó ti kámẹ́rà, kí wọ́n máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. Olóòtú ìtàn á ka àkọsílẹ̀ wọn, á mú ìtàn méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀, á sì ní kí wọ́n wá àwòrán tó bá a mu. Tí Lágbájá bá sọ̀rọ̀ lálẹ́, tí kò sì sí ẹni tó fajú ro, wọ́n lè lọ mú ojú tí Tàmẹ̀dò fà ro lọ́sàn-án nígbà tí ó ń já àlùbọ́sà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ Lágbájá. Ìjà ti dé nìyẹn. Wọ́n tún lè mú ààbọ̀ gbólóhùn ti ọjọ́ Ajé, kí wọ́n so ó mọ́ ààbọ̀ ti ọjọ́ Ẹtì. Frankenbite ni àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ń pè é. Ó ní bí ẹ ṣe lè fura sí i: ẹ ń gbọ́ ohùn, àmọ́ ẹ ò rí ẹnu. Bí gbólóhùn ṣe dé ìdajì ni kámẹ́rà ti yà sí ọwọ́, sí ìpàkọ́ tàbí sí ojú ẹni tó ń gbọ́.

Yàrá tí olùkópa ti ń dá nìkan bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń bi í ní ìbéèrè. Á ti sọ fún un pé kó fi ìbéèrè sínú èsì, nítorí wọ́n máa gé ohùn oníbèéèrè kúrò. “Ṣé inú bí ẹ nígbà tó kó ẹrù rẹ?” á wá jáde bíi “Inú bí mi nígbà tó kó ẹrù mi,” bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn wá sí i lọ́kàn fúnra rẹ̀. Nínú àwọn ètò míì, aṣọ kan náà ni wọ́n máa ń ní kó wọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó síbẹ̀, kí wọ́n lè mú ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta sínú ìtàn ọ̀sẹ̀ kìíní láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ìbò ló wá kàn. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn wò ni bóyá wọ́n ń dìbò láti dáàbò bo èèyàn ni àbí láti lé e jáde. Ká ní àwọn mẹ́rin ló wà lórí ewu, tí ẹgbẹ̀rún èèyàn sì dìbò. 500 nínú wọn ò fẹ́ rí Lágbájá sójú, 300 sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Tó bá jẹ́ ìbò ìléjáde, ìbò 500 ti gbé e lọ sílé. Tó bá jẹ́ ìbò ìdáàbòbò, 300 ni tirẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù á pín 700: 270, 250, 180. Lágbájá ló ṣe ipò kìíní. Èrò ẹnikẹ́ni ò yí padà. Òfin ló yí. Ìdí nìyí tí àwọn oníwàhálà fi ń pẹ́ nínú ètò tó ń lo ìbò ìdáàbòbò. Ẹni tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè kú fún, ló ń tètè lọ.

Ohun kejì ni iye ìgbà tí ẹnì kan lè dìbò. Ní 2012, American Idol, ìdíje orin kíkọ ní Amẹ́ríkà, kéde ìbò mílíọ̀nù 132 fún àṣekágbá rẹ̀. Iye ìbò nìyẹn o, kì í ṣe iye èèyàn. Tí ẹnì kan bá dìbò 200, ó ti bo ohùn èèyàn 199 tó dìbò ẹyọ kan ṣoṣo. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń san owó lórí ìbò kọ̀ọ̀kan, àpò ló ń sọ̀rọ̀.

Àbùkù tún lè wà nínú ìṣirò fúnra rẹ̀. Ní December 2008, ó ku èèyàn mẹ́ta nínú Strictly Come Dancing, ìdíje ijó ti BBC. Máàkì àwọn adájọ́ jẹ́ mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Ti àwọn awòran náà bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Rachel Stevens àti Lisa Snowdon jọ ṣe ipò kìíní lọ́dọ̀ àwọn adájọ́, àwọn méjèèjì gba mẹ́ta-mẹ́ta, Tom Chambers gba ọ̀kan. Kódà kí gbogbo awòran dìbò fún Tom, mẹ́rin ni àpapọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà á ní márùn-ún, èkejì á ní mẹ́rin, Tom á sì wà nínú àwọn méjì ìsàlẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tún jó níwájú àwọn adájọ́. Àwọn èèyàn ń sanwó fóònù láti gba ẹni tí fóònù ò lè gbà là. Nígbà tí BBC rí i, wọ́n gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí àṣekágbá. Tom ló gba ife-ẹ̀yẹ.

Ti èrú pọ́ńbélé náà wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awòran ń sanwó pe fóònù ìdíje GMTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n ti yan àwọn tó lè jẹ ẹ̀bùn tán. Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn níbẹ̀, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn lé e ní 2007. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ITV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn míì níbẹ̀, san £5,675,000 lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ tó dé lẹ́yìn tí ìbò ti parí, ó lè gba owó lórí fóònù yín kó má sì wọ inú ìkàyé. Ẹ má dúró di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ owó olùkópa ni kì í sábà dé etí aráàlú. Gbajúmọ̀ tí wọ́n bá pè wá ṣe ètò máa ń gba owó iṣẹ́. Ẹni tí kò lórúkọ lè má gba ju owó ìjẹun lọ, wọ́n á ní òkìkí ni ẹ̀san rẹ̀. Ní June 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Faransé nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, Cour de cassation, dá a pé òṣìṣẹ́ ni àwọn tó kópa nínú ètò reality kan tó ń jẹ́ L'Île de la tentation. Àwọn onílé-iṣẹ́ ní àwọn èèyàn náà kàn ń gbé ìgbé ayé wọn ni. Ilé ẹjọ́ wò ó pé ilé iṣẹ́ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa jí, ibi tí wọ́n máa lọ àti ohun tí wọ́n máa ṣe, wọn ò sì láǹfààní láti bá ará ìta sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ sì tọ́ sí i.

Ìtọ́jú lẹ́yìn ètò ò tíì dọ́gba káàkiri. Ní 2019, ITV kéde pé àwọn á fún olùkópa kọ̀ọ̀kan nínú ètò reality wọn, Love Island, láǹfààní láti rí onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lẹ́yìn tó bá padà délé. Ní April 2021, òfin tuntun Ofcom bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì di dandan fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tọ́jú àwọn tí wọ́n bá kó sórí ètò. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ lé jáde nílò rẹ̀ bíi ti ẹni tó jáwé olúborí: èébú orí íntánẹ́ẹ̀tì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, owó ìpolówó ò sì dé rárá.